Ìṣirò Tí A Fi Ọ̀rọ̀ Gbé Kalẹ̀: Bí Álíjẹ́brà Ṣe Ń Mú Un Rọrùn

Ọmọ kan ti ilé ẹ̀kọ́ dé pẹ̀lú iṣẹ́ àṣetiléwá. Ìbéèrè àkọ́kọ́ lọ báyìí: “Adé àti Bọ́lá pín ₦9,000. Ìpín Adé fi ₦1,500 ju ti Bọ́lá lọ. Eélòó ni ìpín ẹnì kọ̀ọ̀kan?” Ọ̀pọ̀ nínú wa, àgbà àti ọmọdé, ni yóò dáhùn lójú ẹsẹ̀. A ó pín ₦9,000 sí ọ̀nà méjì, yóò di ₦4,500. A ó fi ₦1,500 kún ti Adé, a ó sì yọ ₦1,500 kúrò nínú ti Bọ́lá. Adé gba ₦6,000, Bọ́lá gba ₦3,000. Àròpọ̀ méjèèjì pé ₦9,000, ó sì dà bí ẹni pé iṣẹ́ ti parí.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká tún un wò. Láti ₦3,000 dé ₦6,000, ₦3,000 ló wà láàárín wọn, kì í ṣe ₦1,500. Àlàfo tí a fi sí àárín wọn jẹ́ ìlọ́po méjì èyí tí ìbéèrè sọ, a sì ti rẹ́ Bọ́lá jẹ ní ₦750.

Nínú ìwé ìdánwò, máàkì ni irú àṣìṣe yìí ń gbà lọ́wọ́ ọmọ. Nínú ìpín ogún, nínú ọjà, nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tàbí níwájú ayánilówó, owó gidi ló ń gbà lọ́wọ́ àgbà. Ìdí nìyí tí a fi ṣe àlàyé yìí fún gbogbo olùgbé ìpínlẹ̀ wa: fún òbí tó fẹ́ ran ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ nílé, fún akẹ́kọ̀ọ́ tó ń múra ìdánwò, àti fún oníṣòwò tó fẹ́ mọ bí owó rẹ̀ ṣe ń lọ. Ẹni tó bá lè ròpọ̀, tó lè yọ kúrò, tó lè sọ nǹkan di ìlọ́po, tó sì lè pín in, ti ní gbogbo ohun tó nílò.

Kí ni a ń pè ní álíjẹ́brà?

Álíjẹ́brà ni ọ̀nà ìṣirò tí a fi ń fún iye tí a kò tíì mọ̀ ní orúkọ, kí a lè máa lò ó bí ẹni pé a ti mọ̀ ọ́n, títí yóò fi fara hàn. Èdè Lárúbáwá ni ọ̀rọ̀ náà ti wá. Al-jabr túmọ̀ sí dídá ohun tó yẹ̀ padà sí àyè rẹ̀. Ọ̀mọ̀wé Muhammad ibn Musa al-Khwarizmi, ẹni tó ṣiṣẹ́ ní ìlú Bàgídáádì, fi ọ̀rọ̀ yìí sínú àkọlé ìwé kan tó kọ ní nǹkan bí ọdún 820. Ohun méjì nípa ìwé náà kàn wá. Èkíní ni pé apá ńlá kan nínú rẹ̀ dá lórí bí a ṣe ń pín ogún ní ìlànà ẹ̀sìn Ìsìláàmù. Èkejì ni pé kò sí àmì ìròpọ̀ tàbí àmì ìdọ́gba kankan nínú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ni ó fi ṣe gbogbo rẹ̀. Ọdún 1557 ni Robert Recorde, ọmọ ilẹ̀ Wales, ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ àmì ìdọ́gba, =, jáde nínú ìwé.

Ìmọ̀ náà gbó ju orúkọ rẹ̀ lọ. Ní ilẹ̀ Íjíbítì, ní nǹkan bí ọdún 1550 ṣáájú ìbí Jésù, akọ̀wé kan tó ń jẹ́ Ahmes ṣe àdàkọ ìwé ìṣirò kan tó wà títí di òní. Ọ̀kan nínú àwọn ìbéèrè rẹ̀ ni pé: iye kan wà, tí a bá fi ìdá kan nínú méje rẹ̀ kún un, yóò di 19, kí ni iye náà? A ó padà sí i kí a tó parí.

Àwa tí a ń ka òǹkà Yorùbá pàápàá kì í ṣe àlejò nínú iṣẹ́ yìí. Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni 20 tí a yọ 5 kúrò nínú rẹ̀. Ọgọ́ta ni 20 lọ́nà mẹ́ta. Àádọ́ta ni ọgọ́ta tí a yọ 10 kúrò nínú rẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá pe 45 ní márùndínláàádọ́ta ti sọ 20 di ìlọ́po mẹ́ta, ó ti yọ 10, ó sì tún ti yọ 5, kó tó pa ẹnu dé.

Ìgbésẹ̀ márùn-ún

Ohun tó ń dẹ́rù ba ènìyàn nínú irú ìbéèrè yìí kì í sábà jẹ́ ìṣirò inú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó yí i ká ni. Ìgbésẹ̀ márùn-ún yìí ni yóò sọ ọ̀rọ̀ náà di ìṣirò.

1. Ẹ ka ìbéèrè náà lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ sì wá ohun tí wọ́n ń béèrè gan-an.
2. Ẹ fún ohun tí a kò mọ̀ ní orúkọ. Lẹ́tà kan ti tó. Ẹ kọ ohun tó dúró fún sílẹ̀, kí ó má baà yí padà láàárín iṣẹ́.
3. Ẹ fi lẹ́tà yẹn sọ àwọn ohun yòókù tó wà nínú ìtàn náà.
4. Ẹ wá ohun méjì tó dọ́gba nínú ìtàn, kí ẹ sì kọ ọ́ bí ìdọ́gba. Lẹ́yìn náà, ẹ tú u. Ìdọ́gba dà bí ìwọ̀n alápá méjì: ohun tí ẹ bá yọ kúrò lápá kan, ẹ yọ ọ́ lápá kejì, bí ẹ bá pín apá kan sí méjì, ẹ pín èkejì bákan náà.
5. Ẹ dá ìdáhùn padà sínú ìtàn, kí ẹ wò ó bóyá gbogbo ohun tí ìtàn sọ ló bá a mu.

Ẹ jẹ́ ká fi èyí ṣe ti Adé àti Bọ́lá. Àwa kò mọ ìpín Bọ́lá, nítorí náà a ó pè é ní b. Ìpín Adé fi ₦1,500 jù ú lọ, èyí ni b + 1,500. Àròpọ̀ ìpín méjèèjì dọ́gba pẹ̀lú ₦9,000:

b + b + 1,500 = 9,000
2b + 1,500 = 9,000
2b = 7,500
b = 3,750

2b túmọ̀ sí b lọ́nà méjì. A yọ 1,500 kúrò lápá méjèèjì, lẹ́yìn náà a pín apá kọ̀ọ̀kan sí méjì. Bọ́lá gba ₦3,750. Adé gba ₦5,250. Ìgbésẹ̀ karùn-ún kù: àròpọ̀ wọn jẹ́ ₦9,000, ìyàtọ̀ wọn sì jẹ́ ₦1,500. Ohun méjèèjì tí ìtàn sọ ló bára mu. Ìdáhùn àkọ́kọ́ bá ẹyọ kan mu, ó kùnà èkejì. Bí a bá ti yẹ̀ ẹ́ wò, à bá ti mọ̀.

Àwọn ọ̀rọ̀ tó ń tọ́ka sí ìṣirò

Nínú ìbéèrè, àwọn ọ̀rọ̀ kan máa ń sọ irú ìṣirò tó yẹ. “Fi kún,” “lápapọ̀” àti “ju … lọ” sábà máa ń tọ́ka sí ìròpọ̀. “Dín,” “yọ,” “ṣẹ́ kù” ń tọ́ka sí àyọkúrò. “Ìlọ́po” ni ti ìsọdipúpọ̀, “ìdá” sì ni ti ìpín. “Jẹ́,” “di” àti “dọ́gba” ló máa ń fi ibi tí àmì = yóò dúró sí hàn.

Síbẹ̀, ẹ má ṣe jẹ́ kí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tì yín síwájú. “Adé fi ₦1,500 ju Bọ́lá lọ” ti mú ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ fi 1,500 kún ti Adé, nítorí pé orúkọ Adé ló ṣáájú. Ẹ bi ara yín pé: ta ni ìpín rẹ̀ kéré? Ẹni tó kéré ni a ó fi nǹkan kún kó tó bá ẹni tó pọ̀. Ti Bọ́lá ni a ó fi 1,500 kún kó tó di ti Adé.

Nínú ọjà: eélòó ni a ra ọjà náà?

Oníṣòwò kan ta aṣọ ní ₦18,000. Ó ní èrè òun jẹ́ ìdá kan nínú márùn-ún iye tí òun ra aṣọ náà, èyí tí a mọ̀ sí ogún nínú ọgọ́rùn-ún. Eélòó ló rà á?

Ìdáhùn tó máa ń yá lẹ́nu ni pé ìdá kan nínú márùn-ún ₦18,000 jẹ́ ₦3,600, nítorí náà ó rà á ní ₦14,400. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ìdá kan nínú márùn-ún ₦14,400 jẹ́ ₦2,880, tí a bá rò ó pọ̀ mọ́ iye tó rà á, ₦17,280 ni, kò dé ₦18,000. Àṣìṣe náà ni pé a mú ìdá lára iye tí wọ́n tà á, nígbà tí ìtàn ní lára iye tí wọ́n rà á.

A ó pe iye tó rà á ní r. Èrè rẹ̀ jẹ́ r ÷ 5. Nítorí náà:

r + r ÷ 5 = 18,000

Bí a bá sọ apá méjèèjì di ìlọ́po márùn-ún, ìpín náà yóò kúrò nílẹ̀:

5r + r = 90,000
6r = 90,000
r = 15,000

Ó rà á ní ₦15,000, ó jèrè ₦3,000. Ẹni tó bá gbà pé ₦14,400 ni, tó sì mú iye yẹn lọ sọ́jà láti ra aṣọ mìíràn irú rẹ̀, yóò rí i pé owó òun kò pé.

Nínú ọkọ̀: akẹ́kọ̀ọ́ mélòó ló wọlé?

Bọ́ọ̀sì kan kó èrò 18. Àgbàlagbà san ₦500, akẹ́kọ̀ọ́ san ₦300. Kọ́ńdọ́tọ̀ kó ₦7,800 fún awakọ̀. Awakọ̀ fẹ́ mọ iye akẹ́kọ̀ọ́ tó yẹ kó wà nínú ọkọ̀, kó lè mọ̀ bóyá owó náà pé.

Ó dà bí ẹni pé ohun méjì ni a kò mọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀kan tó. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá jẹ́ k, àwọn tó kù, 18 − k, ni àgbàlagbà.

300k + 500(18 − k) = 7,800
300k + 9,000 − 500k = 7,800
9,000 − 200k = 7,800
200k = 1,200
k = 6

Akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́fà ni, àgbàlagbà méjìlá. Owó akẹ́kọ̀ọ́ jẹ́ ₦1,800, ti àgbàlagbà jẹ́ ₦6,000. Àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦7,800. Bí awakọ̀ bá bojú wẹ̀yìn tó sì rí akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta péré, ó ti mọ̀ pé owó kan sọnù lójú ọ̀nà.

Ẹ wo ìlà kẹta nínú ìdọ́gba yẹn dáadáa, nítorí ó ní ìtumọ̀ tí a lè fi ẹnu sọ. Bí gbogbo èrò bá jẹ́ àgbàlagbà, owó yóò jẹ́ ₦9,000. Akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan dín ₦200 kù nínú rẹ̀. Owó náà dín ní ₦1,200, nítorí náà akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́fà ló dín in kù. Bí òǹkà wa ṣe ń ṣe náà nìyẹn: a gun orí iye tó pọ̀, a sì ti ibẹ̀ dín in.

Nínú ìpín ogún

Ká sọ pé bàbá kan fi ₦3,500,000 sílẹ̀ fún ọmọkùnrin méjì àti ọmọbìnrin mẹ́ta, lẹ́yìn tí a ti san gbèsè rẹ̀ tí a sì ti yọ ìpín àwọn mìíràn tó lẹ́tọ̀ọ́. Nínú ìlànà Ìsìláàmù, ìpín ọmọkùnrin jẹ́ ìlọ́po méjì ti ọmọbìnrin. Bí ìpín ọmọbìnrin kan bá jẹ́ m, ti ọmọkùnrin kan jẹ́ 2m. Àwọn ọmọkùnrin méjèèjì yóò gba 4m, àwọn ọmọbìnrin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yóò gba 3m:

4m + 3m = 3,500,000
7m = 3,500,000
m = 500,000

Ọmọbìnrin kọ̀ọ̀kan gba ₦500,000, ọmọkùnrin kọ̀ọ̀kan gba ₦1,000,000.

Bí ìdílé náà bá ń lo àṣà orí-òjorí, níbi tí gbogbo ọmọ ti gba iye kan náà, ìdọ́gba yóò jẹ́ 5m = 3,500,000, ẹnì kọ̀ọ̀kan yóò sì gba ₦700,000. Bí ó bá jẹ́ ìdí-igi, níbi tí a ti ń pín in gẹ́gẹ́ bí iye ìyàwó tó bímọ, tí ìyàwó méjì sì wà, ìdí kọ̀ọ̀kan yóò gba ₦1,750,000. Bí ìyàwó kan bá bí ọmọ kan tí èkejì bí mẹ́rin, ọmọ kan ṣoṣo yẹn yóò gba ₦1,750,000, àwọn mẹ́rin yòókù yóò gba ₦437,500 lẹ́nì kọ̀ọ̀kan.

Álíjẹ́brà kò lè sọ èwo nínú ìlànà wọ̀nyí ni ìdílé yóò tẹ̀ lé. Ẹ̀sìn, àṣà àti òfin ló ń sọ ìyẹn. Ohun tó lè ṣe ni pé kó fi han gbogbo ènìyàn, kí wọ́n tó jókòó ìpàdé, iye tí ìlànà kọ̀ọ̀kan yóò fún ọmọ kọ̀ọ̀kan. Ìjà tó bá sì ti inú ìṣirò tí kò yé ènìyàn wá yóò dín kù.

Níwájú ayánilówó

Ayánilówó kan kéde pé òun yóò yá yín ní ₦100,000, pé ẹ ó san ₦10,000 lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 12, èlé rẹ̀ sì jẹ́ ogún péré nínú ọgọ́rùn-ún. Lọ́jọ́ tí ẹ gba owó náà, ó yọ ₦10,000 fún fọ́ọ̀mù. ₦90,000 ló wọ ọwọ́ yín. Eélòó ni ẹ̀yáwó náà ná yín gan-an? Ẹ pè é ní e:

90,000 + e = 12 × 10,000
90,000 + e = 120,000
e = 30,000

₦30,000 jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́ta ₦90,000. Ó ju mẹ́tàlélọ́gbọ̀n lọ nínú ọgọ́rùn-ún, kì í ṣe ogún, láàárín oṣù tí kò pé mẹ́ta.

Ìbéèrè kejì tún wà níbẹ̀. Bí ẹ bá nílò ₦180,000 gan-an lọ́wọ́, tí ayánilówó sì máa ń yọ ìdá kan nínú mẹ́wàá kó tó fún ènìyàn, eélòó ni kí ẹ béèrè? Ẹni tó bá fi ìdá kan nínú mẹ́wàá ₦180,000 kún un yóò béèrè ₦198,000. Wọn yóò yọ ₦19,800, ₦178,200 ni yóò bá lọ sílé. Owó rẹ̀ kò pé. Bí iye tí a ó béèrè bá jẹ́ y:

y − y ÷ 10 = 180,000
10y − y = 1,800,000
9y = 1,800,000
y = 200,000

₦200,000 ni yóò béèrè. Ẹ bu ọwọ́ lu ìwé ẹ̀yáwó lẹ́yìn tí ẹ bá ti ṣe ìṣirò méjèèjì yìí, kì í ṣe ṣáájú rẹ̀.

Ìmọ̀ràn fún òbí àti akẹ́kọ̀ọ́

Ọ̀pọ̀ jù lọ ẹ̀kọ́ ní yunifásítì ló ń béèrè kírẹ́díìtì nínú ìṣirò, irú ìbéèrè yìí kì í sì í wọ́n nínú ìdánwò ilé ẹ̀kọ́ girama. Bí ọmọ bá gbé iṣẹ́ rẹ̀ wá bá yín, ẹ má ṣe yára sọ ìdáhùn fún un. Ẹ ní kó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ìtàn náà ní Yorùbá, láìmẹ́nu kan iye kankan. Bí kò bá lè sọ ọ́, kò tíì yé e, ìṣirò kò sì tíì kàn. Bí ó bá ti yé e, ẹ ní kó sọ ohun tí lẹ́tà rẹ̀ dúró fún: “b ni iye owó tí Bọ́lá gbà,” kì í ṣe “b ni Bọ́lá.” Ènìyàn kì í dọ́gba pẹ̀lú ₦3,750, owó rẹ̀ ló lè dọ́gba pẹ̀lú rẹ̀.

Bí ọmọ bá gba ọ̀nà mìíràn dé ìdáhùn kan náà, ẹ yìn ín, ẹ sì ní kó kọ ọ̀nà náà sílẹ̀. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà.

Ẹ dán an wò nílé

1. Àgbẹ̀ kan ta ìdajì iṣu rẹ̀, ó sì fi mẹ́wàá tọrẹ. Ó ku 25. Iṣu mélòó ló ní tẹ́lẹ̀?
2. Bàbá jẹ́ ọmọ 40 ọdún, ọmọ rẹ̀ jẹ́ ọmọ 10 ọdún. Lẹ́yìn ọdún mélòó ni ọjọ́ orí bàbá yóò jẹ́ ìlọ́po méjì ti ọmọ? Ẹ rántí pé àwọn méjèèjì ni ọdún ń gun orí wọn.
3. Ìbéèrè Ahmes: iye kan, tí a bá fi ìdá kan nínú méje rẹ̀ kún un, yóò di 19.

Ìdáhùn: (1) i − i ÷ 2 − 10 = 25, nítorí náà iṣu 70. (2) 40 + d = 2(10 + d), nítorí náà ọdún 20; bàbá yóò jẹ́ 60, ọmọ 30. (3) n + n ÷ 7 = 19; 8n = 133; n jẹ́ 16 àti ìdá márùn-ún nínú mẹ́jọ, iye kan náà tí Ahmes kọ sílẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 3,500 sẹ́yìn.